Omi Ẹja Kọ́ Ló Jẹ Píkọ́ọ̀pù Náà

Tí mo bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn nígbà náà, nǹkan kan á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣààà, bí ìgbà tí èèyàn ń da gaàrí sínú abọ́. Ìpáàrà ni. Irin tó ti jẹrà, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ló ń ya bọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí kọnkéré iwájú ilé wa ní Ìpọ̀nrí. Màmá mi á gbọ́ ọ láti orí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ rèé o." Wọn ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn a máa gún mi lọ́kàn débi pé màá dúró ti ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, màá kàn máa wolẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà. Òun ni àkọ́bí Màmá, èmi ni àbíkẹ́yìn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Kánádà. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, torí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jù mí lọ, tí mo bá sì wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, "ó" ni mo máa lò. Ẹ forí jì mí. Èmi ni mo dúró ti Màmá nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, tí mo sì ń ta ẹja yìnyín nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé náà: pánlá, kótè, ṣáwà, ohun tí wọ́n bá ń jẹ. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ kó ẹja ní Ìjọra, ọkọ̀ háyà ni mo sì fi ń kó o délé. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ èyí, ó ní ìyà yẹn ti tó. Ó ní píkọ́ọ̀pù tí òun fúnra òun ń wà láti ìgbà tó ti wà ní tuntun, òun máa fi ránṣẹ́ sí mi. Màmá sunkún ayọ̀. Wọ́n ki oríkì rẹ̀ lórí fóònù títí ohùn wọn fi há.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti èbúté dé, dúdú ni, ó ń kọ mànà. Kódà abẹ́ rẹ̀ dúdú, wọ́n fi ọ̀dà kun ibẹ̀ gan-an, ó ń dán. Mo rò pé ìmọ́tótó òyìnbó ni. Mo lọgun pé, "Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bó ṣe mọ́!" Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní lóòótọ́ ni. Fíkà ìjọ wa fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà sí i. Èmi jókòó síbi sítíárìn pẹ̀lú gèlè, mo ní kí wọ́n yà mí ní fọ́tò, mo gbójú sókè bí ìyàwó gómìnà. Fọ́tò yẹn ṣì wà nínú fóònù mi. Tí mo bá wò ó nísinsìnyí, ẹ̀rín a máa pa mí, àánú ara mi a sì máa ṣe mí.

Òjò ọdún yẹn ò tíì parí tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀kùn kan ní òun ò ní pa dé mọ́. Lẹ́yìn náà, irin ara ọkọ̀ tó wà lókè táyà ẹ̀yìn wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Ìjọra, páálí kótè kan jábọ́. Kì í ṣe pé ó yí bọ́ láti ẹ̀yìn o. Ó gba ìdí ọkọ̀ jáde ni! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá páálí mi lójú títì lábẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo tẹ búréèkì ní Ojúẹlẹ́gbá, tí mo wolẹ̀, tí mo rí títì láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo ilẹ̀ tí mo ń gbà kọjá.

Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi ẹja ni. Mẹkáníìkì wa wò ó, ó yínmú: omi ẹja. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: omi ẹja, ṣé ẹ ò mọ̀ pé inú òkun ni ẹja ti wá ni? Àwọn ìyá ìjọ dúró níwájú ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìsìn, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni wá wo òkú. Ta ló fẹ́ jiyàn? Ẹja ni mo ń tà, yìnyín ń yọ́, omi ń kán, irin sì ti jẹ. Èmi náà gbà. Èmi tí mo mọ̀ pé orí ọ̀rá tó nípọn ni mo ń to páálí mi sí láti ọjọ́ kìíní, mo gbà pé omi ti rí ibì kan gbà kọjá.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n máa ń pe Màmá. Sípíkà ni Màmá máa ń fi fóònù sí, wọ́n á gbé e sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, a ó sì jókòó yí i ká. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún un, ó mí kanlẹ̀.

"Omi ẹja," ó ní. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ọkọ̀ tí mo lò fún gbogbo ọdún yẹn, tí nǹkan kan ò ṣe é! Ẹ ò mọ nǹkan í tọ́jú nílé yẹn rárá."

"Bẹ̀ ẹ́," Màmá sọ fún mi jẹ́jẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ o, fóònù ni mo kúnlẹ̀ fún! Kì í ṣe fídíò, kò rí mi, àmọ́ orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń sọ fún fóònù orí tábìlì pé, "Ẹ máà bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ forí jì mí, sà." Tí mo bá rántí ìkúnlẹ̀ yẹn, etí mi a máa gbóná.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pìwà dà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń fọ ọkọ̀ náà. Mo ra ọṣẹ ìfọṣọ, mo fi kànrìnkàn ha ẹ̀yìn rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré kí ọwọ́ mi lè dé abẹ́. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ló ń dà sílẹ̀ tó. Mo dá kíkó ẹja sínú rẹ̀ dúró, mo padà sí ọkọ̀ háyà. Píkọ́ọ̀pù dúró lójú kan, kò gbé ẹja kankan mọ́, ó ṣì ń jẹrà lọ ràì. Ẹni tó ní làákàyè ìbá ti bi ara rẹ̀ léèrè níbẹ̀ yẹn. Èmi ò bi ara mi. Mo ní bóyá òórùn ẹja ló kù sí i lára.

Ibi tó ti wá le ni ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Ó ní tí òun bá dé tí òun bá ọkọ̀ òun nípò yẹn, a jẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú ọkọ̀ kò lè tọ́jú ilé. Ó ní òun ti bá éjẹ́ǹtì kan sọ̀rọ̀, éjẹ́ǹtì náà ló máa gba ilé lọ́wọ́ mi, tó máa kó ayálégbé sí i, tó sì máa fi ṣọ́ọ̀bù mi fún ẹni tó ń ta ohun tí kì í rùn. Màmá á wá lo yàrá kan. Èmi ńkọ́? Ó ní mo ti dàgbà, kí n wá ibi tí mo máa gbé. Èmi tí mo ń mú Màmá lọ sílé ìwòsàn! Èmi tí mo ń gun òkè òrùlé tí òjò bá ń jò wọlé, tí mo ń bá àwọn oníná jà, tí mo mọ ibi tí gbogbo páìpù ilé yẹn gbà! Mo wo ojú Màmá. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ọ̀rọ̀. Ṣáà lọ tún ọkọ̀ náà ṣe kó tó dé."

Bí mo ṣe gbé píkọ́ọ̀pù lọ sí Muṣin nìyẹn, lọ́dọ̀ panẹ́bítà kan tí wọ́n júwe fún mi. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò ní ọkọ̀ mọ́ fara ti ògiri. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ariwo ẹnu rẹ̀ sì ju ti òòlù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kó tó ṣí ilẹ̀kùn rárá ló ti ń fa imú.

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ fi ń kó ni?"

"Ẹja ni, ọ̀gá."

"Ẹ ti pa á." Ó yí ọkọ̀ po, ó ń fi òòlù kàn án níbí, kàn án lọ́hùn-ún. "Ẹ ti pa ọkọ̀ yìí pátápátá. Ẹja ò dáa lọ́kọ̀ o. Oníbàárà mi kan tó ń kó pọ̀nmọ́, bó ṣe ba tiẹ̀ jẹ́ náà nìyẹn."

Mo jókòó lórí táyà kan, mo gbà á mọ́ra. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó ní òun fẹ́ rí bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó kí òun tó gé páànù tó máa dí i, ló bá tú kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀, ó ń fi irin ha ọ̀dà dúdú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi òòlù kàn án. Ìgbà náà ni òòlù rẹ̀ dún lọ́nà mìíràn. Kò dún bí irin, ó dún bí páálí. Ó tún ha á. Pọ́tì ló ń jáde, nǹkan funfun tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ó nípọn kọjá sísọ. Lábẹ́ pọ́tì, fóòmù, wọ́n ti fóòmù bọ inú irin. Lábẹ́ fóòmù, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ láti fi dí ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó fi tipátipá yọ ọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sókè.

Pléètì nọ́ńbà ọkọ̀ ni. Nọ́ńbà òkè òkun, wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé sí i lára gàdàgbà.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ṣé ẹ̀yin lẹ fi eléyìí síbẹ̀ ni?"

"Èmi? Níbo ni mo ti fẹ́ rí nọ́ńbà Kánádà?"

"A jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kàn án." Ó wo ihò náà, ó wò mí, ó tún wo ihò. "Kí ẹ tó gbé ẹja kankan sí i ló ti jẹ. Kí ló wá jẹ ẹ́? Ibẹ̀ yẹn mọ́ jù, kí ló fẹ́ jẹ irin níbẹ̀?"

Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan yé mi kedere. Ẹnì kan mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn án, ó dí i, ó kùn ún ní dúdú, ó ní kó máa lọ sílé. Mo ń rántí ìkúnlẹ̀ mi. Mo ń rántí ọṣẹ ìfọṣọ. Omijé ń bọ́ lójú mi, panẹ́bítà rò pé ọkọ̀ ni mo ń sunkún lé lórí, ó ń bẹ̀ mí. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa: mo tún ń wá àwáwí fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ní bóyá mẹkáníìkì rẹ̀ ló ṣe é tí kò sọ fún un. Bóyá àwọn tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ni. Mo fi pléètì náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé, n kò sọ fún Màmá.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, fóònù wà lórí tábìlì. Ìgbà òtútù ti dé lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó ń ráhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ló ń sọ o, ọkọ̀ tuntun tó rà ló ń káàánú.

"Ẹ ò lè mọ̀, Màmá. Yìnyín ti bo gbogbo títì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọba á gbé ọkọ̀ ńlá jáde, wọ́n á máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ o! Iyọ̀ yẹn á ta sábẹ́ ọkọ̀, á máa jẹ ẹ́ bí ikán. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń gbé e lọ kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, n kò ní jẹ́ kó jẹ ẹ́."

"Pẹ̀lẹ́, Dáwódù mi," Màmá ní.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí! Mo dìde. Mo lọ gbé ọ̀rá yẹn wá, mo ju pléètì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó dún gbàù.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "iyọ̀ yẹn, ṣé kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń wa píkọ́ọ̀pù?"

Ó wúkọ́.

"Mo ní, ṣé wọn kì í da iyọ̀ nígbà náà ni? Torí panẹ́bítà ti tú ìdí ọkọ̀. A bá pọ́tì níbẹ̀, a bá fóòmù, a bá nọ́ńbà ìlú yín tí wọ́n fi dí ihò. Ó wà níwájú Màmá báyìí. Àbí ẹja mi ló kàn án mọ́bẹ̀?"

"Haló?" Ẹ̀gbọ́n ní. "Haló? Màmá, ohùn yín ò jáde dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Haló?"

Fóònù kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé gbogbo ìráhùn rẹ̀ wá ketekete, kò lè gbé ìbéèrè mi lọ. Ìwà wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Màmá mú pléètì náà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu wọn ń mì. Mo ń retí. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ gbọ́, kí wọ́n ṣáà sọ pé omi ẹja kọ́. Wọ́n dá pléètì padà sínú ọ̀rá, wọ́n sì ní, "Ó kúkú rántí wa ló fi gbé e wá."

Mo pariwo. N kì í pariwo mọ́ Màmá, àmọ́ mo pariwo lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kò rántí wa, pàǹtírí ló kó wálé. Mo ní ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rà lọ́hùn-ún ló fi ta mí lọ́rẹ, òun náà ló sì tún fẹ́ fi lé mi jáde nílé. Mo ní gbogbo ọkọ̀ tó ń kó ẹja ní Ìjọra, àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ òwò, kí wọ́n fi ọ̀kan hàn mí tí ìdí rẹ̀ já láàárín ọdún kan. Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn bu omi mímu wá.

Panẹ́bítà parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jó irin tuntun mọ́ ọn, wọ́n kùn ún. Kò dán bíi ti ọjọ́ tó ti èbúté dé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni mo ń gbọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, èmi ni mo fi lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Irin òyìnbó! Ìgbà tí mo pariwo lẹ tó tọ́jú rẹ̀." Títì ni mo ń wò. Kò dárúkọ iyọ̀, kò dárúkọ nọ́ńbà, títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe éjẹ́ǹtì wá. Ìyẹn ni pé a tún ọkọ̀ ṣe, kò tún tó! Ọkùnrin náà ń wọn ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́. Màmá dìde lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rọra wọlé wá.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n sọ fún éjẹ́ǹtì. "Ilé yìí ò sí fún háyà. Ọmọ tó ń bá mi gbé e ló ń tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ló máa wà."

"Màmá," Ẹ̀gbọ́n ní, "a ti jọ sọ ọ́..."

Wọ́n wò ó. N kò mọ ohun tó rí lójú wọn, àmọ́ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Éjẹ́ǹtì ká téèpù rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo rò pé ó ti parí. Mo wọ yàrá mi, mo jó. Àṣé n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn ìyá ìjọ wá kí Ẹ̀gbọ́n káàbọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i bí omi ẹja ṣe fẹ́ bà á jẹ́? Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè tún un ṣe." Gbogbo wọn wò mí, wọ́n mi orí. Ẹ̀gbọ́n náà mi orí! Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹran, ó sì ń mi orí.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń sọ ọ́ títí wọ́n fi lọ bá bàbá wa. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, omi ẹja ni. Ilé wà lọ́wọ́ mi, ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi, orúkọ mi nìkan ni n kò rí gbà padà. Nígbà tí ara wọn ò le mọ́, mo ń fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ rí pléètì yẹn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ń purọ́ mọ́ mi nítorí rẹ̀?"

Wọn ò bínú. Wọ́n fa ẹsẹ̀ kejì sún mọ́ mi kí n lè rà á.

"Ìwọ wà níbí," wọ́n ní. "Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa, o lè gbèjà ara rẹ, gbogbo èèyàn ló ń rí ọ. Òun ò sí níbí. Ta ló máa gbèjà rẹ̀ tí n kò bá gbèjà rẹ̀?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ọkàn ìyá ni, ó yé mi, àmọ́ kò mú inú mi rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan tí n kò mọ̀ rí wá ra pánlá, ó wo píkọ́ọ̀pù tó wà níta, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ fi omi ẹja ba ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín jẹ́?" Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo nu ọwọ́. Màmá ní mo wà níbí, wọ́n ní mo lè gbèjà ara mi. Ó dáa. Mo wà níbí. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì Kánádà ni, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀.